Erythromycin: Oògùn Tí Agbára Rẹ̀ Wà Nínú Ṣúgà

Ọjọ́ méje gbáko ni mo fi lo erythromycin, hóró 250 mg mẹ́rin lóòjọ́, nítorí pé ara mi kò gba pẹnisílìn, ọ̀nà ọ̀fun mi sì ti wú débi pé itọ́ lásán kò ṣe é gbé mì. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, mo ti ń jẹun. Nígbà tó fi di ọjọ́ karùn-ún, mo ti gbàgbé pé ọ̀fun kan ń dùn mí, àmọ́ inú ń run mí. Ìwé pélébé tó wà nínú páálí oògùn náà to gbogbo wàhálà tó lè bá ènìyàn sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n kò sọ gbólóhùn kan nípa ohun tó ń mú oògùn náà ṣiṣẹ́. Ìyẹn ló mú mi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, ohun tí mo bá pàdé níbẹ̀ ló sì mú kí n jókòó kọ àyẹ̀wò yìí. Àyẹ̀wò ni o, kì í ṣe pé mo ní kí ẹnikẹ́ni lọ ra oògùn lò láìrí dókítà. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: gbogbo iyì oògùn yìí, àti púpọ̀ nínú àléébù rẹ̀, wà lára ṣúgà kékeré kan tó ń jẹ́ desosamine, tí kò sí nínú oúnjẹ kankan, tó sì jẹ́ pé bakitéríà ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n.

Inú erùpẹ̀ ni wọ́n ti rí oògùn náà. Ní ọdún 1949, dókítà kan tó ń jẹ́ Abelardo Aguilar fi erùpẹ̀ tó bù ní agbègbè Iloilo, ní orílẹ̀-èdè Philippines, ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ Eli Lilly ní Amẹ́ríkà. J. M. McGuire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ rí bakitéríà kan nínú erùpẹ̀ náà tó ń tú ohun kan jáde tí àwọn kòkòrò àrùn kò lè fara dà. Oògùn náà dé ọjà ní 1952, wọ́n sì yọ orúkọ Ilotycin tí wọ́n fi tà á lára orúkọ Iloilo. Streptomyces erythreus ni wọ́n ń pe bakitéríà náà láyé ìgbà yẹn. Saccharopolyspora erythraea ni wọ́n ń pè é lónìí.

Hóró tí mo lò ní ìbòrí tí oje ikùn kò lè yọ́. Ẹ má ṣe fọ́ ọ o, nítorí ìbòrí yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ lẹ́búlẹ́bú funfun kan tó korò gan-an, bẹ́ẹ̀ ṣúgà ló kún inú rẹ̀. Mólékù erythromycin kọ̀ọ̀kan ní kábọ́ọ̀nù mẹ́tàdínlógójì. Òrùka ńlá tó ní átọ́ọ̀mù mẹ́rìnlá ni àárín rẹ̀, ṣúgà méjì sì so rọ̀ mọ́ òrùka náà, cladinose lórí kábọ́ọ̀nù kẹta, desosamine lórí kábọ́ọ̀nù karùn-ún. Bí ènìyàn bá fi ìwọ̀n átọ́ọ̀mù ṣírò rẹ̀, nínú 500 mg erythromycin, ohun tó jẹ́ ti ṣúgà méjèèjì lé ní 200 mg. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa oògùn yìí sábà máa ń gbé òrùka yẹn lárugẹ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí purotéènì ràgàjì mẹ́ta ló ń so ó pọ̀ látorí ẹyọ kékeré méje. Ṣùgbọ́n òrùka náà nìkan, láìsí ṣúgà lára rẹ̀, kò pa kòkòrò kankan.

Bí bakitéríà ṣe ń mọ desosamine ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò. Streptomyces venezuelae, tó ń ṣe oògùn mìíràn tí ṣúgà kan náà wà lára rẹ̀, ni wọ́n ti yẹ ọ̀nà náà wò fínnífínní jù, Hung-wen Liu àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Texas ní Austin sì ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Àwọn ẹ́ńsáìmù, ìyẹn àwọn purotéènì tó ń ṣe iṣẹ́ kẹ́míìsì nínú sẹ́ẹ̀lì, ló ń ṣe é, àwọn tó jẹ́ ọmọ ìyá wọn ló sì ń ṣe é nínú bakitéríà ti Iloilo. Glucose ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ṣúgà kan náà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Glucose ní kábọ́ọ̀nù mẹ́fà àti ọ́síjìn mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n bá parí iṣẹ́ lórí rẹ̀, ọ́síjìn mẹ́ta péré ló máa kù, náítírójìn kan á ti jókòó sórí kábọ́ọ̀nù kẹta, ẹ̀ka méjì tí wọ́n ń pè ní methyl á sì so mọ́ náítírójìn náà. Ẹ ronú sí i: ibi púpọ̀ lára glucose ló jọra, ọ́síjìn àti háídírójìn ló wà lórí gbogbo wọn. Kẹ́míìsì tó bá fẹ́ yọ ọ́síjìn kan ṣoṣo láì fọwọ́ kan èyí tó kù ní láti kọ́kọ́ bo gbogbo ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó ṣe èyí tó fẹ́ ṣe, kó sì tún ṣí wọn padà. Bakitéríà kì í bo nǹkan kan.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe ni pé wọ́n á fún glucose ní èèkù. Ẹ́ńsáìmù DesIII máa so ohun kan tí wọ́n ń pè ní TDP mọ́ kábọ́ọ̀nù kìíní, èyí sì ni gbogbo ẹ́ńsáìmù tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò fi máa di ṣúgà náà mú. Lẹ́yìn ìyẹn ni DesIV gbà á. Ohun tí DesIV ń ṣe wọ̀ mí lára ju gbogbo ìyókù lọ. Mólékù kan tí wọ́n ń pè ní NAD, tó máa ń gba háídírójìn tó sì máa ń dá a padà, wà nínú ikùn ẹ́ńsáìmù náà tí kì í jáde. Ó máa yá háídírójìn kan lára kábọ́ọ̀nù kẹrin, ibẹ̀ á sì rọ̀ débi pé omi yóò lè jáde láàárín kábọ́ọ̀nù karùn-ún àti ẹ̀kẹfà. Bí omi bá ti jáde tán, NAD á dá háídírójìn tó yá padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tó ti yá a ló ń dá a padà sí, kábọ́ọ̀nù kẹfà ló ń gbé e fún. Báyìí ni ọ́síjìn orí kábọ́ọ̀nù kẹfà ṣe lọ, tí NAD sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, tó ti ṣe tán fún ṣúgà mìíràn. Kò sí ohun tó ṣòfò níbẹ̀ ju omi lọ.

Oríta ni ibi tí ṣúgà náà dé yìí. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà sí vancosamine tó wà lára vancomycin, sí streptose tó wà lára streptomycin, sí daunosamine tó wà lára doxorubicin tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ. Ohun tó ń ya wọ́n sọ́tọ̀ kò ju àwọn ẹ́ńsáìmù tó gba ṣúgà náà mú láti ibẹ̀ lọ.

Ní ti desosamine, DesI ló máa gbà á. Ó ní ohun tí ara ń ṣe láti inú fítámìn B6 lọ́wọ́, ó sì fi ń gbé náítírójìn lé kábọ́ọ̀nù kẹrin. Lẹ́yìn náà ni DesII dé, tó sì yọ náítírójìn náà kúrò! Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rò pé mo ṣì í kà ni. Kí ló dé tí ènìyàn á fi gbé nǹkan síbẹ̀, kó tún gbé e kúrò? Ìdí rẹ̀ ni pé ọ́síjìn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò rọrùn láti yọ. DesI fi náítírójìn pààrọ̀ rẹ̀ kí ó lè di ohun tí ọwọ́ DesII ká. DesII ní irin mẹ́rin àti súfọ́ọ̀ mẹ́rin tó kó jọ bí ìdì kan, ìdì yìí ló sì fi ń já mólékù tí wọ́n ń pè ní SAM sí méjì. Apá kan lára SAM tó já náà ò dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó máa fa háídírójìn kan yọ lára kábọ́ọ̀nù kẹta ṣúgà náà, ìdàrúdàpọ̀ tó bá sì tẹ̀lé e ni náítírójìn bá lọ. Ìdì irin yẹn kò fẹ́ràn afẹ́fẹ́ ọ́síjìn rárá, débi pé inú àpótí tí wọ́n ti fa ọ́síjìn kúrò nínú rẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí DesII ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ki ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó so mọ́ ara àpótí náà.

DesV wá gbé náítírójìn mìíràn lé kábọ́ọ̀nù kẹta, èyí tó máa dúró síbẹ̀ títí. DesVI so methyl méjì mọ́ ọn, ọ̀kan tẹ̀lé ìkejì, ọwọ́ SAM kan náà ló sì ti gba methyl náà. SAM tí DesII já sí méjì bí igi ìdáná ni DesVI ń gba nǹkan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ́síjìn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn kò fọwọ́ kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àyàfi èyí tó wà nínú òrùka ṣúgà fúnra rẹ̀ àti èyí tí wọ́n fi so èèkù mọ́ ọn: ọ́síjìn orí kábọ́ọ̀nù kejì, tó ní háídírójìn tirẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí ọ́síjìn yìí.

Ṣúgà kejì kò gba àlàyé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láti oríta yẹn náà ni ó ti yà: wọ́n yọ ọ́síjìn orí kábọ́ọ̀nù kejì rẹ̀, wọ́n so methyl mọ́ kábọ́ọ̀nù kẹta, wọ́n yí kábọ́ọ̀nù karùn-ún padà kí ṣúgà náà lè kọjú sí òdìkejì, ó sì di mycarose. Mycarose ni wọ́n kọ́kọ́ ń so mọ́ òrùka ńlá, kí desosamine tó tẹ̀lé e. Ẹ̀yìn ìgbà tí méjèèjì ti so tán ni ẹ́ńsáìmù EryG tún fi methyl kan kún un, tó fi di cladinose. Bí EryG kò bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ délẹ̀, erythromycin C ni a máa rí dípò erythromycin A tó jẹ́ oògùn gangan, ìyẹn ló sì fà á tí ìwọ̀nba C fi máa ń wà nínú oògùn tí à ń rà, nítorí pé láti inú ìkòkò bakitéríà ni wọ́n ti ń kó o.

Báwo ni bakitéríà ṣe ń ṣe oògùn tí oògùn náà kò fi pa á? Ti Iloilo ní ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ ErmE, tó ń so methyl mọ́ ráíbósómù tirẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń hun purotéènì, tí oògùn náà ń kọlù) kí oògùn má baà rí ibẹ̀ dì mú. Ní ti Streptomyces venezuelae, ọgbọ́n tirẹ̀ yà mí lẹ́nu jù. Ó máa so glucose kan mọ́ ọ́síjìn orí kábọ́ọ̀nù kejì desosamine nígbà tí oògùn ṣì wà nínú ilé, oògùn náà á sì kú pátápátá. Bó bá ti tì í síta, ẹ́ńsáìmù DesR tó dúró sí ìta á gé glucose náà kúrò, oògùn á sì jí. Ṣe ẹ ti rí i pé ọ́síjìn kan náà ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kòkòrò àrùn ló jẹ́ kí n lóye ìdí rẹ̀. Ráíbósómù ni sẹ́ẹ̀lì fi ń hun purotéènì, ihò kan sì wà nínú rẹ̀ tí purotéènì tuntun ń gbà jáde. Erythromycin máa ń jókòó sí ẹnu ihò yẹn, kò sì ní jẹ́ kí púpọ̀ nínú wọn kọjá. Àwòrán tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001, tí wọ́n yà láti ara ráíbósómù bakitéríà Deinococcus radiodurans, fi hàn pé ọ́síjìn orí kábọ́ọ̀nù kejì desosamine ló ń di RNA ráíbósómù mú, ní ibi tí wọ́n ń pè ní A2058, ìyẹn lẹ́tà A tó wà ní ipò 2058 lára RNA náà. Ní ibi tí A yìí wà lára bakitéríà, G ló wà lára ráíbósómù inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, ìdí kan nìyẹn tí oògùn náà fi ń pa kòkòrò tí kò pa wá. Àwọn kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́ náà mọ ibẹ̀ dáadáa. Àwọn kan ń so methyl mọ́ A2058 gẹ́gẹ́ bí ErmE ṣe ń ṣe. Àwọn mìíràn ń so fọ́sífétì mọ́ ọ́síjìn orí desosamine fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn yìí láìnídìí, tàbí tó dá a dúró ní agbede méjì nítorí pé ara ti tù ú, ń fún irú àwọn kòkòrò bẹ́ẹ̀ láàyè, ó sì ń dùn mí láti rí oògùn tó dára báyìí kó máa bàjẹ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Mo ti sọ pé inú run mí. Àléébù tó tóbi jù lára oògùn yìí nìyẹn, kò sì yẹ ká fi bò. Bí oje ikùn bá kan erythromycin, ọ́síjìn kan lórí òrùka náà máa tẹ̀ sórí kábọ́ọ̀nù kẹsàn-án, mólékù náà á sì yí padà di ohun tí kò pa kòkòrò mọ́, àmọ́ tó ń ṣe bíi motilin, họ́mọ̀nù tó ń pàṣẹ fún ikùn àti ìfun pé kí wọ́n máa súnkì. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń run ènìyàn, tí èébì sì ń gbé àwọn kan. Àwọn dókítà tilẹ̀ ti sọ àléébù yìí di àǹfààní, wọ́n ń fi erythromycin ṣe ìtọ́jú àwọn tí oúnjẹ kì í tètè kúrò ní ikùn wọn. Lílò ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́ náà kò rọrùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi aago ta ara mi jí lóru kan kí n má baà gbàgbé. Èyí tó sì léwu jù ni pé ó máa ń dí ẹ́ńsáìmù CYP3A4 nínú ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́, èyí tó ń fọ́ ọ̀pọ̀ oògùn mìíràn, débi pé àwọn oògùn bíi simvastatin, tí wọ́n fi ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, lè pọ̀ ju bó ti yẹ lọ nínú ẹ̀jẹ̀. Ó tún lè ṣe ohun tí kò dára sí bí ọkàn ṣe ń lù. Desosamine ló tún wà nídìí ti ẹ̀dọ̀ yẹn: CYP3A4 ló máa ń gbìyànjú láti gé àwọn methyl orí náítírójìn rẹ̀, ohun tó bá sì ṣẹ́ kù á lẹ̀ mọ́ irin inú ẹ́ńsáìmù náà, kò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tó bá ń lo oògùn mìíràn gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà àti apoògùn kó tó fi ọwọ́ kan hóró kìíní.

Àwọn oògùn tó jáde láti ara rẹ̀ tún àléébù ikùn ṣe. Clarithromycin, tí ilé iṣẹ́ Taisho ṣe ní Japan, fi methyl bo ọ́síjìn tó ń dá wàhálà sílẹ̀ lórí òrùka. Azithromycin, tí àwọn kẹ́míìsì Pliva ṣe ní Zagreb ní 1980, yọ ọ́síjìn orí kábọ́ọ̀nù kẹsàn-án, ó sì fi náítírójìn kan kún òrùka; ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni wọ́n ń lò ó. Bó bá jẹ́ ti ìrọ̀rùn nìkan, azithromycin ni n bá gbà níjọ́sí. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí wọn kò fọwọ́ kàn: ṣúgà méjèèjì ṣì wà níbẹ̀, bí bakitéríà ṣe mọ wọ́n. Ilé iṣẹ́ kan gbìyànjú láti yọ cladinose, ó ṣe telithromycin, oògùn náà sì ń pa kòkòrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́ gidigidi tí lílò rẹ̀ sì fi dínkù. Ṣùgbọ́n desosamine wà lára telithromycin náà. Èmi kò rí ẹ̀rí tó lágbára ju èyí lọ lórí ohun tí mo ń sọ.

Robert Woodward àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọwọ́ kẹ́míìsì ṣe erythromycin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, iṣẹ́ náà sì jáde ní 1981, lẹ́yìn tí Woodward fúnra rẹ̀ ti kú ní 1979. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ títí di òní, bakitéríà ni wọ́n ń sìn nínú ìkòkò ràgàjì láti rí èyí tí wọ́n ń tà. Ní 2010, wọ́n kó àwọn jíìnì tó ń darí iṣẹ́ yìí sínú bakitéríà mìíràn tó ń jẹ́ E. coli, títí kan ti ṣúgà méjèèjì, E. coli sì ṣe erythromycin A. Èyí dùn mọ́ mi nínú ju ti Woodward lọ, nítorí ẹni tó bá lè kó àwọn jíìnì yìí kiri lè pààrọ̀ ṣúgà kan sí òmíràn, kó wá ibi tí kòkòrò kò tíì mọ̀.

Bí mo bá ní láti yan ọ̀kan nínú oríṣi erythromycin tó wà lórí igbá, ti olómi tí wọ́n ń fún àwọn ọmọdé ni n bá yìn jù. Erythromycin ethylsuccinate ló wà nínú rẹ̀, 400 mg rẹ̀ sì ni wọ́n kà sí 250 mg erythromycin gangan. Ìdí tí kò fi korò bíi ti lẹ́búlẹ́bú inú hóró ni pé wọ́n so ohun kan mọ́ ọn, ọ́síjìn orí kábọ́ọ̀nù kejì desosamine sì ni wọ́n so ó mọ́. Bó ṣe wà nínú ìgò, oògùn náà ti sùn. Bó bá wọ ara ọmọ náà, omi ara á já ohun tí wọ́n so mọ́ ọn kúrò, ọ́síjìn náà á sì ṣí sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí DesR ṣe ń ṣí i fún Streptomyces venezuelae nínú erùpẹ̀.